Èmi Tí Mo Jókòó Sáàárín Wọn

Lọ́dọ̀ wa ní ìgbèríko Minho, ọmọbìnrin kì í dá nìkan bá ọkùnrin rìn títí wọn yóò fi jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ẹnì kan ní láti jókòó sáàárín. Bí wọ́n bá wà lórí bẹ́ǹṣì, onítọ̀hún á wà láàárín. Bí wọ́n bá ń lọ sọ́jà, onítọ̀hún á wà láàárín. Bí ọkùnrin bá ra ẹ̀pà lásán fún ọmọ, ọwọ́ ẹni àárín ló máa kọ́kọ́ bọ́ sí. Opó ni wọ́n sábà máa ń fi sídìí iṣẹ́ yìí. Wọ́n ṣáà gbà pé opó ò ní nǹkan mìíràn tó ń ṣe láyé mọ́.

Èmi Deolinda, opó ni mí. Ọkọ mi bá àwọn apẹja lọ sí òkun tútù láti pa panla nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú kirikiri, òkun ò sì dá a padà fún mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wọ aṣọ dúdú, tí mo sì ń gbé lọ́dọ̀ Adelino ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí Graciete, ọmọ Adelino tó ń pè mí ní Tíà, àbúrò bàbá rẹ̀, wá dàgbà tí ọkùnrin ń yọjú, ta ni kí wọ́n fi sáàárín bí kò ṣe èmi? Ẹ wo ipò tí wọ́n fi mí sí láyé: mi ò lọ́kọ, mi ò bímọ, ìfẹ́ ẹlòmíràn ni mò ń ṣọ́ bí ẹni ń ṣọ́ oko lọ́wọ́ ẹyẹ.

Ọjọ́ àjọ̀dún abúlé wa ni Abílio kọ́kọ́ dé. Ọmọ Porto ni. Kọ̀ńdọ́ ni lórí tíráàmù, àwọn ọkọ̀ ojú irin kéékèèké tó ń gba àárín ìgboro ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní abúlé wa, tí wọ́n jọ ti ogun Àńgólà dé, ló pè é wá jẹun. Ó ga gọ̀gọ̀rọ̀, etí rẹ̀ fẹ̀, ó sì máa ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. Graciete ń kó búrẹ́dì àgbàdo jáde láti ẹnu ààrò, ìyẹ̀fun kún gbogbo ojú rẹ̀, ni arákùnrin bá gbàgbé ẹran sẹ́nu.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ni ọmọ yẹn?" ó bi mí.

"Bàbá rẹ̀ ló ni ín," mo ní. "Ó sì ní ìbọn."

"Ìbọn ò ṣàjèjì sí mi mọ́, mà. Ohun tó ń ṣe mí báyìí gan-an ni n ò mọ̀ rí."

Mo fẹ́ lejú mọ́ ọn, ẹ̀rín ló jáde. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wàhálà ti wọlé wa.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, Abílio á wọ rélùwéè wá. Graciete á wà lójú fèrèsé, òun á dúró síta lábẹ́ fèrèsé, èmi á wà nínú yàrá lẹ́yìn rẹ̀, màá máa hun aṣọ òtútù. Bí òjò bá ń rọ̀, á máa pa á níbẹ̀. A kì í pe ọkùnrin wọlé títí bàbá ọmọ yóò fi ní kó wọlé.

"Abílio, lọ sábẹ́ igi," Graciete á ní.

"Bí mo bá lọ sábẹ́ igi, mi ò ní rí ọ."

"Òtútù á pa ọ́."

"Kí wọ́n sin mí síbí. Kó o ṣáà máa yọjú."

Èmi á wúkọ́. Wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó yá, Graciete gbé abẹ́rẹ́. Ó fi òwú pupa àti òwú aró kóṣẹ́ sára áńkáṣíìfù funfun kan: òdòdó, ẹyẹ méjì, àti ọkàn kan láàárín. Ó fi rán mi sí Abílio. Lọ́dọ̀ wa, bí ọkùnrin bá so irú áńkáṣíìfù bẹ́ẹ̀ mọ́rùn lọ sí Mísà, ó ti gba ọmọ náà lójú gbogbo ayé nìyẹn. Ẹlòmíràn ò tún gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí i, àfi bí ọmọ náà bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba áńkáṣíìfù rẹ̀ padà. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Abílio so ó mọ́rùn, ó lọ jókòó síwájú pátápátá ní ṣọ́ọ̀ṣì, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Kódà Adelino rẹ́rìn-ín.

Ìgbà òtútù dé. Balbina, ìyàwó Adelino, ṣubú lẹ́bàá kànga, kò sì lè dìde fúnra rẹ̀ mọ́. Apá òsì kú, ẹsẹ̀ òsì kú, ahọ́n rẹ̀ wúwo. Àwọn ọmọkùnrin wọn méjèèjì ti wáṣẹ́ lọ sí Faransé. Graciete nìkan ló kù nílé. Láràárọ̀, èmi àti òun la jọ ń gbé Balbina dìde, èmi níwájú, òun lẹ́yìn. Adelino á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á di fìlà rẹ̀ mú, á máa wò wá. Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

Lọ́jọ́ kan ní ìparí ìgbà ìrúwé, ó pè wá jókòó sídìí iná.

"Bàbá Firmino ti wá tọrọ Graciete fún ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀ wọn àti tiwa ló pààlà," ó ní. "Bí Firmino bá fẹ́ ẹ, Graciete ò ní kúrò nítòsí ìyá rẹ̀. Kí ni onítíráàmù yẹn ní? Fèrè àti fìlà."

"Bàbá, mi ò fẹ́ Firmino."

"Ìyá rẹ náà ò fẹ́ àrùn."

Graciete ti igi bọ iná. Kí n má parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, Firmino kì í ṣe ènìyàn burúkú. Màlúù ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣá. Bó bá ń yin ọmọbìnrin, ẹ máa rò pé ó fẹ́ fún un ní koríko jẹ ni.

"Èmi ńkọ́?" mo bi Adelino. "Ṣé mi ò lè tọ́jú Balbina ni?"

"Ìwọ náà ń dàgbà lọ, Deolinda. Bó o bá ṣubú lọ́la, ta ló máa gbé ẹ̀yin méjèèjì?" Kò wo ojú mi. "Lọ́jọ́ Ìsinmi, bàbá Firmino ń bọ̀ wá gbọ́ èsì. Kó tó dé, ẹ wọ rélùwéè lọ sí Porto, kí Graciete lọ gba áńkáṣíìfù yẹn. Ìwọ ni kó o mú un lọ, ìwọ ni kó o mú un bọ̀."

Mo ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, mo gbé e mì. Abẹ́ òrùlé rẹ̀ ni mò ń sùn.

Ọjọ́ àìsùn ọdún Jòhánù Mímọ́ ni a lọ. Bí rélùwéè ṣe ti inú ihò abẹ́ òkè yọ sí São Bento, ibùdókọ̀ rélùwéè àárín ìlú, Abílio ló ń dúró dè wá yẹn, lábẹ́ ògiri aláwòrán aláwọ̀ aró. Ó ti gba àyè lẹ́nu iṣẹ́. Ó fá irùngbọ̀n, ó wọ bàtà tuntun tó ń há a lẹ́sẹ̀. Áńkáṣíìfù náà wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n lọ̀ ọ́, kò ní ìhunjọ kankan. Ohun tó mọ̀ kò ju pé à ń bọ̀ lọ. Ó rò pé a wá wo ìlú tí ìyàwó òun máa gbé ni.

"Ẹ káàbọ̀, Dona Deolinda. Ẹ kú ìrìn." Ó wo Graciete, kò rí nǹkan sọ, ó kàn ń rẹ́rìn-ín.

Graciete wò mí. Èmi wo ògiri.

"Lónìí, ẹ ò ní fẹsẹ̀ rìn," Abílio ní. "Tíráàmù la ó fi rí gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n Graciete ló máa dá ọkọ̀ dúró."

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ ni. Ẹni tó máa gbé Porto gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń wọkọ̀ láìdi ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú. Ó yá, nawọ́. Nà án dáadáa, kì í ṣe bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀!"

Ó lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Graciete nawọ́ dé ìdajì. Tíráàmù àkọ́kọ́ kọjá, dírẹ́bà ò wò ó. Ó fẹ́ sunkún. Nígbà tí èkejì dé, ó na gbogbo apá, ó fi ẹsẹ̀ kan sójú títì, ọkọ̀ náà sì dúró. Ó gba ẹ̀yìn wọlé bí Abílio ṣe kọ́ ọ, ó gba tíkẹ́ẹ̀tì fún èmi àti ara rẹ̀. Nígbà tó jókòó, ó ń mí bí ẹni tó ja ìjàkadì.

"Bó o bá ṣèèṣì sọ̀ ní Campanhã ńkọ́?" Abílio bi í láti apá kejì mi. Èmi ṣáà ni mo wà láàárín, orí mi ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá. "Ìyẹn ibùdókọ̀ tí rélùwéè máa ń dúró sí kó tó dé São Bento, tó sì tún máa ń dúró sí bó bá ń padà lọ. Kí lo máa ṣe?"

"Màá bú sẹ́kún."

"O ò ní sunkún. Wàá jáde síta, wàá nawọ́, wàá bi kọ̀ńdọ́ pé ṣé ó ń lọ sí Batalha. Bó o bá dé Batalha, máa bá òkè sọ̀ kalẹ̀ títí wàá fi rí odò. Ribeira nìyẹn. Bi wọ́n ní ilé Dona Ermelinda, onílé mi. Ajá ibẹ̀ pàápàá mọ̀ wọ́n."

"Nawọ́, Batalha, máa sọ̀ kalẹ̀, Dona Ermelinda," Graciete ń kà á sókè bí ọmọ iléèwé.

A gun òkè, a sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọ̀nà kan dà gẹ́rẹ́ débi pé mo rò pé ọkọ̀ á dojú kọlẹ̀. A gba orí afárá irin, odò Douro wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, mo di ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà mi mú, mo ń ké pe gbogbo ẹni mímọ́ tí mo mọ orúkọ wọn. Abílio ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ọkọ̀ ò jábọ́ rí. Mo ní ohun gbogbo ló ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Graciete bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti ṣubú, mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ó sì dùn mí wọra, torí mo mọ ohun tó bá wá.

Ilé Dona Ermelinda la ti jẹun ọ̀sán, ṣàkì àti ẹ̀wà funfun bí wọ́n ṣe ń sè é ní Porto. Obìnrin náà sanra, ó sì ń pariwo. Ó fà mí gun àtẹ̀gùn lọ wo yàrá kan.

"Ẹ wò ó, ìyá ìyàwó! Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kùn ún lẹ́fun. Kì í jẹ́ kí n sùn, àfi kó máa bi mí: 'Ṣé obìnrin á fẹ́ èyí? Ṣé obìnrin á fẹ́ tọ̀hún?' Mo ní: 'Ọkọ mi, bí obìnrin náà bá fẹ́ ọ, á fẹ́ ilé adìyẹ pàápàá.'"

Yàrá náà funfun báláú. Fèrèsé kékeré kan wà níbẹ̀ tó kọjú sí odò, àga méjì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Graciete dúró lẹ́yìn mi. Ó di aṣọ mi mú.

"Tíà, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́?"

"Bí a ṣe ń fa ẹ̀gún yọ ni. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni."

"Mi ò lè."

"Èmi náà ì bá má lè," mo ní.

Nígbà tí a jáde, àwọn obìnrin ń ta efinrin ọdún Jòhánù Mímọ́ lójú títì, efinrin kékeré tó ṣù roboto nínú ìkòkò, èyí tí ọkùnrin máa ń rà fún àyànfẹ́ rẹ̀. Abílio ra ọ̀kan, ó gbé e fún mi, kí n gbé e fún un. Graciete bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ ti imú bọ̀ ọ́. Mo gbá a lórí.

"Ọwọ́ ni! Ta ló bí ọ? Fi ọwọ́ kàn án kó o gbóòórùn ọwọ́ rẹ. Imú ènìyàn á pa á, ọjọ́ kẹta ló máa rọ."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn, màmá!" ẹni tó ń tà á kígbe. "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ nǹkan kan."

Graciete fi àtẹ́lẹwọ́ pa efinrin náà lórí, ó gbé ọwọ́ sí imú, kò tètè gbé e kúrò níbẹ̀.

Ó wá ku tíráàmù tó ń bá ẹ̀gbẹ́ odò lọ títí dé Foz, níbi tí odò ti pàdé òkun. Bẹ́ǹṣì onígi ni. Mo ní òòyì ń kọ́ mi, kí wọ́n jẹ́ kí n súnmọ́ fèrèsé. Báyìí ni mo ṣe kúrò láàárín. Àwọn méjèèjì wò mí tìyanu-tìyanu. Mo gbé efinrin lé itan, mo gbé orí ti fèrèsé, mo pajú dé. Mo fẹ́ kí wọ́n ní ìwọ̀nba àsìkò tó jẹ́ tiwọn. Mo tún gbà pé bí ọmọ náà bá fara kan Abílio láìsí èmi láàárín, kò ní lè gba áńkáṣíìfù mọ́. Bí kò bá gbà á, mo ti múra láti dúró níwájú Adelino, kí n ní èmi ni màá gbé Balbina, kó fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́.

Irin ń ké lábẹ́ wa.

"Tíà ti sùn," Abílio sọ jẹ́jẹ́.

"Ó rẹ̀ wọ́n. Wọn kì í sinmi."

"Yàrá yẹn, ṣé ó wù ọ́?"

"Ó wù mí."

"Ṣé fèrèsé rẹ̀ ò kéré jù?"

"Kò kéré."

"Kí ló wá dé tó ò ń sunkún?"

Graciete fa imú, ó ní: "Abílio, tú áńkáṣíìfù yẹn fún mi."

"Ṣé ó dọ̀tí ni? Àná ni mo fọ̀ ọ́."

"Kò dọ̀tí."

Ọ̀rọ̀ náà wá wọ̀ ọ́ lára. Mo gbọ́ bó ṣe fa èémí.

"Bàbá rẹ ni?"

"Bó bá jẹ́ Bàbá ni, wọn ì bá pariwo títí, màá tọ̀ ọ́ wá."

"Ìyá rẹ?"

"Tíà ni."

Mo pajú dé pinpin.

"Bí mo bá ní mò ń lọ, wọ́n á ní kí n máa lọ, àwọn á tọ́jú Màmá. Wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì ṣe é. Ohun tó bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n láti ìgbà òtútù, wọ́n rò pé n ò mọ̀. Láàárọ̀ wọ́n á kọ́kọ́ di ògiri mú kí wọ́n tó lè nàró. Wọ́n tọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n tọ́ mi, wọn ò jẹ ayé kankan. Ṣé kí n wá máa wo odò lójú fèrèsé, kí wọ́n máa nìkan gbé Màmá títí wọ́n á fi kú sẹ́nu rẹ̀? Mi ò ní lè sùn nínú yàrá yẹn, Abílio. Bó ti wù kó funfun tó."

Èmi rèé, ojú mi wà ní pípadé, gbogbo ara mi ń pariwo. Bí mo bá lajú, ọmọ náà á mọ̀ pé mo fi oorun tan òun, kí òun lè sọ ohun tí òun ò bá sọ lójú mi láéláé. Kí ni mo sì fẹ́ wí? Pé ẹ̀yìn ò dùn mí? Ó ń dùn mí. Wọ́n ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Wọn ò sọ ohun tí apirọrọ fúnra rẹ̀ máa ṣe bí ọkàn rẹ̀ bá ń já. Mo di ìkòkò efinrin mú gírígírí, mo sì jókòó síbẹ̀ bí òkú.

Mo gbọ́ bí áńkáṣíìfù náà ṣe ń kúrò lọ́rùn rẹ̀.

"Gbà," ó ní. "Ṣé mo ṣì lè máa wá sábẹ́ fèrèsé?"

"Má wá mọ́. Jọ̀ọ́."

"Foz!" kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ náà kígbe, ọ̀rẹ́ Abílio ni. "Ẹ sọ̀ o, òkun rèé! Abílio, ìyàwó yìí mà dára o! Ìgbà wo la ń bọ̀ wá jẹ ìrẹsì?"

Abílio ní láìpẹ́. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Mo rọra lajú, mo yán bí ẹni tó ń jí. Mo rí ọrùn rẹ̀, ibi tí oòrùn ò ti pa á funfun yàtọ̀ sí ìyókù. A lọ dúró síwájú òkun, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òkun tó gba ọkọ mi náà nìyẹn. Mo wò ó, òun náà wò mí.

Ó sìn wá padà sí São Bento. Kò bínú, kò fajú ro. Ó ń fún mi lọ́wọ́ níbi àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó ń wá ibi tí oòrùn ò ti ní pa mí. Ì bá sàn kó pariwo. Nígbà tí a wọnú rélùwéè, ó dúró nílẹ̀ níwájú fèrèsé wa, bó ṣe máa ń dúró lábẹ́ fèrèsé ilé.

"Ẹ ṣeun, Dona Deolinda," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa dá gbé nǹkan wúwo. Ẹ tọ́jú ẹ̀yìn yín."

Fèrè dún. Rélùwéè ṣí. Ó bọ́ fìlà, ó sì dúró síbẹ̀ títí a fi wọnú òkùnkùn ihò abẹ́ òkè. Graciete ká áńkáṣíìfù mọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

"Graciete," mo ní, "mi ò sùn lọ́sàn-án."

Ó yíjú sí mi. "Ẹ gbọ́ ọ?"

"Látòkèdélẹ̀. Òótọ́ ni, ẹ̀yìn ń dùn mí. Bó o wà nílé, á máa dùn mí. Bó ò sí nílé, á máa dùn mí. Ṣùgbọ́n bó o bá tìtorí mi fẹ́ Firmino, ọkàn ni á máa dùn mí, ìyẹn ò sì ní àgúnmu."

"Ta ló máa gbé Màmá pẹ̀lú yín?"

"Ta ni ọkọ ìyá rẹ? Adelino ò tíì fọwọ́ kan Balbina láti gbé e rí, torí àwa obìnrin wà ńlé. Ó lè gbé ẹgbọrọ màlúù kọjá odò, kò wá lè gbé ìyàwó rẹ̀?"

"Bàbá máa lé yín jáde."

"Kó lé mi. Kó wá dá nìkan se ọbẹ̀."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. "Mi ò lè, Tíà. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi. Bí mo bá ń wò yín báyìí, mi ò lè."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá bá ẹni àárín rẹ̀ padà wálé, bàbá rẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀. Èyí tí kò bá bá a padà, ọ̀dọ̀ àlùfáà ni wọ́n máa ń gbà lọ, ọkùnrin tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ló máa fẹ́, kò sí ẹni tó tún ń jiyàn. Ṣùgbọ́n mi ò lè tì í jáde. Mi ò lè fà á sọ̀ kalẹ̀. Mi ò lè ṣe ohunkóhun fún un, àfi ohun kan.

"Oorun ń kùn mí," mo ní. "Mo sì mọ ara mi, màá sùn fọnfọn. Bí ọkọ̀ bá dúró ní Campanhã, tí àwọn ènìyàn ń sọ̀, mi ò ní gbọ́."

"Tíà..."

"Mo ti sùn."

Mo pajú dé. Rélùwéè ń lọ, ó ń lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra rìn. Ó dúró. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn ènìyàn ń kó ẹrù wọn sọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sí ohun tó mì. Mi ò gbàdúrà kó lọ, mi ò gbàdúrà kó dúró. Mo gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kan pé, "Nawọ́. Batalha. Máa sọ̀ kalẹ̀." Ẹnì kan fi ẹnu kò mí níwájú orí, ẹnu náà tutù fún omijé. Lẹ́yìn náà fèrè dún.

Mi ò lajú ní Campanhã. Mi ò lajú ní ibùdó tó tẹ̀ lé e. Ìgbà tí mo lajú, pápá ọgbà àjàrà ló wà níta, bẹ́ǹṣì sì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fọwọ́ pa ibi tó jókòó sí. Ó ṣì móoru díẹ̀. Mo sunkún débi pé ọkùnrin kan dìde láti ìjókòó rẹ̀, ó fún mi ní wáìnì mu.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tán nígbà tí mo dé. Adelino ń dúró pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ màlúù. Ó wo ẹ̀yìn mi. Ó wo ilẹ̀kùn rélùwéè títí wọ́n fi tì í.

"Graciete dà?"

"Mo sùn lọ nínú ọkọ̀."

"O sùn?"

"Mo sùn."

"Deolinda, láti ìgbà tí òkun ti gba ọkọ rẹ, o ò tíì sùn wọra rí. Èmi ni mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ nínú ilé."

"Ó rẹ̀ mí lónìí."

"Áńkáṣíìfù ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ ẹni tó kóṣẹ́ sí i lára."

Mo dúró de igbe. Mo dúró de ìgbátí pàápàá. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó di ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó wá dà bí ẹni pé ó kéré. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ta ló máa gbé ìyá rẹ̀ dìde lọ́la?"

"Èmi níwájú," mo ní, "ìwọ lẹ́yìn."

Ó rí ìkòkò tó wà lọ́wọ́ mi.

"Tirẹ̀ ni?"

"Tirẹ̀ ni."

Ó nawọ́, ó gbà á. Adelino, tó jẹ́ pé òun ló kọ́ gbogbo wa nígbà èwe pé a kì í ti imú bọ efinrin Jòhánù Mímọ́, ó gbé ìkòkò náà sókè, ó ti gbogbo ojú rẹ̀ bọ inú ewé, ó sì ń mí, ó ń mí. Mo gbé ọwọ́ sókè láti gbá a lórí. Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́, mo sì jókòó dè é.